Okùn Tó Tínrín Lọ́dọ̀ Ẹja

Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń bi mí. Wọ́n ń bi mí bóyá òtútù Lọ́ńdọ̀nù le tó bí wọ́n ti ń wí, wọ́n sì ń bi mí pé kí ni mo mú bọ̀. Òtútù náà le. Ohun tí mo sì mú bọ̀ ni okùn ìpẹja kan, tí gígùn rẹ̀ tó ìdúró ènìyàn méjì, tó ní kókó mẹ́ta. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀yìn mi bóyá àpótí kù níta. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ gígùn láàárín èrò, ìwé kì í sì í wo ènìyàn lójú.

Èmi ni Múlíkátù, ọmọ apẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó gbájú mọ́ àwọ̀n títún ṣe. Ẹ̀gbọ́n Bàámi ni mo lọ bá ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù; òun ni gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti lọ. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyàwó rẹ̀, tí à ń pè ní Mọ́mì, ń ṣe, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun máa dá wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ọ̀rọ̀ ìkíni kan wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ. Létí omi tiwa, bí ọkùnrin bá ti odò dé tòun tẹja, "Ẹ kú ewu odò" là ń kí i. Bàámi kì í kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ara wọn lórí fóònù, Bàámi á ní, "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n mi," nítorí pé ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Lọ́ńdọ̀nù fi jókòó wa bọ́ọ̀sì. Bàbá á rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà ti tán.

Rye Lane

Ẹni tó bá ń wá ìlú òyìnbó, kó má sọ̀ ní Rye Lane, ọjà Peckham. Mo ti kó gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ jọ sẹ́nu tí n ó fi bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan tó dúró ti òkìtì iṣu, tó ní, "Aunty, ẹ wo iṣu gidi, kò lómi nínú." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to ẹja sórí yìnyín. Ẹ̀pìyà wà níbẹ̀, ọ̀bọ̀kún wà níbẹ̀, gbogbo wọn la ojú sílẹ̀ bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo kí ẹ̀pìyà kan nínú ọkàn mi. Òun náà jìnnà sílé.

Ọmọbìnrin tó bá mi dirun bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Ẹ̀pẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ lòun náà, òun kàn ò tíì débẹ̀ rí ni. Yorùbá rẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, mo sì ní láti dúró díẹ̀ kó tó yé mi. Òun náà ń dúró kí tèmi yé e. Báyìí la ṣe ń dúró de ara wa títí irun fi parí.

Ní àtẹ̀gùn ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, tí a ń gbé, mo kí ọkùnrin kan ní ọjọ́ kìíní. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó dúró wò mí bóyá òun mọ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì mo dákẹ́, òun náà dákẹ́, ara tu àwa méjèèjì. Kí n má purọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí ènìyàn ti lè gun àtẹ̀gùn láìkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Bàbá, ọ̀pá ìpẹja gígùn kan dúró ti ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀pá yẹn," Mọ́mì sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, "ó ti ṣe ọdún mọ́kànlá nínú ilé mi, kò tíì fún mi ní ohun tí mo lè fi iyọ̀ sí."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Nígbà tí Bàbá ń wa bọ́ọ̀sì, òyìnbó kan wà ní gáráàjì wọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, Dẹ́rẹ́kì lorúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ mú Bàbá lọ sí odò kan ní Scotland láti lọ pa sámọ́ńù. Ẹja ńlá ni sámọ́ńù. Odò ni wọ́n ti ń bí i, inú òkun ló ti ń dàgbà, bó bá sì tó àkókò, á padà wá sí odò tí wọ́n ti bí i láti wá yé ẹyin. Láti ọdún náà, ọdọọdún ni wọ́n ń lọ. Dẹ́rẹ́kì ti mú mẹ́rin. Bàbá, ọmọ apẹja, ọmọ ọmọ apẹja, kò tíì mú ẹyọ kan.

Ọdún tí mo lọ yìí sì ni ìkẹyìn. Ọmọ Dẹ́rẹ́kì tó wà ní Australia ti ní kí bàbá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ojú Bàbá kò sì jẹ́ kó lè wakọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn mọ́. Bí sámọ́ńù kò bá gbọ́ tirẹ̀ lọ́dún yìí, "Ẹ kú ìjókòó" ni Bàámi yóò máa kí i títí ayé.

Tíì ní Walworth

Ní Walworth ni Dẹ́rẹ́kì ń gbé. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ, òkè níwájú pátápátá sì ni Bàbá máa ń jókòó sí. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Bí awakọ̀ bá súnmọ́ kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ ṣinṣin. Bí ọkọ̀ bá fì, á mi orí, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí." Nígbà tí a fẹ́ sọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà bí ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé fún ọmọ iṣẹ́.

Dẹ́rẹ́kì ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í wo ojú ènìyàn pẹ́. Ọkàn mi fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí bóyá n ó mu tíì. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo ní rárá, mo dúpẹ́, mo wá ń retí kó tún bi mí. Kò bi mí mọ́. Ó po tíì sínú ife méjì, ó gbé bísíkíìtì kalẹ̀, òun àti Bàbá sì jẹ ẹ́ tán níṣojú mi.

Bí a ti ń padà sílé ni Bàbá wo ojú mi, tó bú sẹ́rìn-ín. "Múlí, rárá tibí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ ọ." Ó ní oṣù kan gbáko lòun náà fi pebi mọ́ra kó tó yé òun. Nígbà tí a délé, ó ṣàlàyé fún Dẹ́rẹ́kì lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ bí Dẹ́rẹ́kì ti ń tọrọ àforíjì, bí ẹni tó fi ọkọ̀ gbá mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tíì ló gbé wa lọ. Bàbá fẹ́ kí Dẹ́rẹ́kì kọ́ mi bí a ti ń ṣe okùn tí wọ́n ń pè ní lídà. Okùn yìí ló wà láàárín okùn ńlá tó ti ara ọ̀pá wá àti ìwọ̀. Ó wà lọ́jà. Òfin àárín àwọn méjèèjì ni pé wọn kì í rà á, nítorí pé ẹja tí okùn ọjà bá mú, ọjà ló ni ín. Ní báyìí tí ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, ó béèrè bóyá ọwọ́ ọmọ àbúrò òun lè dúró fún ọwọ́ òun. Dẹ́rẹ́kì ronú lórí rẹ̀ bí adájọ́. Ó mu tíì díẹ̀. Ó ní ọwọ́ ẹbí, ọwọ́ ẹni ni.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ègé okùn ọ̀rá mẹ́rin la máa ń so pọ̀. Èkíní nípọn bí ẹyọ ìgbálẹ̀, èkejì tínrín jù ú lọ, ẹ̀kẹta tínrín sí i, ìkẹyìn sì dà bí irun orí. Láti so méjì pọ̀, a óò gbé orí wọn lé ara, a óò yí èyí mọ́ tọ̀hún lẹ́ẹ̀marùn-ún, a óò yí tọ̀hún mọ́ èyí lẹ́ẹ̀marùn-ún, a óò wá ki orí méjèèjì bọ àárín. Bí ìgbà tí à ń fi òwú kó irun ni. Lẹ́yìn náà la óò fi itọ́ sí i, ká tó rọra fà á títí yóò fi mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré.

Ìka mi gbọ́ ọ kíákíá, torí ọmọ alátùn-únṣe àwọ̀n ni mí. Orí mi ni kò gbọ́. Nílé, ibi tó súnmọ́ ìwọ̀ la ti ń fẹ́ kí okùn lágbára jù. Ti àwọn wọ̀nyí, apá ọ̀dọ̀ ènìyàn ló nípọn, apá ọ̀dọ̀ ẹja ló tínrín. Mo wò ó títí, mo rò pé bóyá mo gbé e kọjú sódì.

"Bí pàṣán darandaran ni," Bàbá wí. "Ìdí rẹ̀ nípọn, orí rẹ̀ tínrín, kí agbára ọwọ́ lè sáré dé òpin. Ẹja ò sì ní rí i. Tó bá sì máa já, kó já níbi tí a ti yàn fún un."

Ìwọ̀ náà tún wà. Eṣinṣin ni wọ́n ń pè é. Irun pupa, irun dúdú àti ìyẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n wé mọ́ ọn. Mi ò tíì rí eṣinṣin tó múra tó bẹ́ẹ̀ rí.

Itọ́

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni oṣù Ramadan lé. Dókítà ti ní Bàbá kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ nítorí oògùn tó ń lò, ìyẹn sì ń dójú tì í lọ́dọ̀ mi. Á wọ kíṣíìnì, á ti ilẹ̀kùn, á ní òun ń wá gíláàsì ojú òun. Bó bá jáde, èérún bísíkíìtì á wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi á wo ilẹ̀. Mọ́mì ló máa ń bi í bóyá gíláàsì náà dùn.

Bí mo bá ti kí ìrun alásàrí tán, n ó jókòó ti tábìlì, n ó máa ta kókó títí di ìgbà ìṣínu. Bàbá á wà lórí àga rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ṣé o fi itọ́ sí i?"

"Mo fi sí i, Bàbá."

Irọ́ ni. Ààfáà wa nílé kéwú ti kọ́ wa pé ohun tó bá jáde lẹ́nu aláàwẹ̀, tó tún padà wọ ẹnu, kó ṣọ́ra fún un. Mo rò ó pé bí mo bá ń fi okùn kan ẹnu, tí mò ń yọ ọ́, tí mo tún ń fi í kàn án, ààwẹ̀ mi lè bàjẹ́. Ẹ ó ní, ṣé kò sí omi nínú ife ni? Omi wà. Mo kàn ti pinnu lọ́kàn mi pé itọ́ yẹn kì í ṣe ara iṣẹ́. Mo kà á sí àṣà àwọn àgbà, bí ìgbà tí Ààfáà bá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí omi àdúrà. Nílé, gbígbẹ la ń ta kókó àwọ̀n wa, kò sì tíì tú rí. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo lè béèrè. Ṣùgbọ́n báwo lèmi ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ itọ́ pẹ̀lú àgbàlagbà?

Okùn méjìlá ni mo ṣe kí ààwẹ̀ tó tán. Bàbá fi èékánná àtàǹpàkò yẹ kókó kọ̀ọ̀kan wò. Ó fà wọ́n, wọn kò já. Ó ká wọn ní òrùka òrùka, ó kó wọn sínú àpò awọ kékeré kan bí ẹni tó ń tọ́jú tírà.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, Bàámi pè.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ pé ẹ tún fẹ́ lọ kí àwọn ẹja yẹn."

"Ọdún yìí ni ìkẹyìn," Bàbá dá a lóhùn.

"Ó ga o. Ta ni yóò wá máa bẹ̀ wọ́n wò?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó lọ dúró ti ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

Létí odò

Mọ́mì fi mọ́ínmọ́ín àti àkàrà dì wá lẹ́rù. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú firísà kúrò kí àyè lè wà fún ẹja, bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ó ní kí n máa ṣọ́ Bàbá kó má bàa yọ̀ ṣubú. Dẹ́rẹ́kì ló wakọ̀. Ó sọ fún mi, Bàbá sì túmọ̀ rẹ̀, pé bí ẹja kò bá tilẹ̀ sí, òun á ṣì máa lọ nítorí mọ́ínmọ́ín.

Odò náà tutù, ó mọ́, ó ń sáré lórí òkúta. Àwọn òkè yí i ká, kò sì sí ilé nítòsí. Ẹni mẹ́ta péré ló kọjá wa láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mi orí díẹ̀, ó ń lọ. Kò sí ẹni tó béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo rò pé bóyá ìlú àwọn onítìjú nìyí, tí ẹnì kankan kò sì sọ fún mi.

Dẹ́rẹ́kì wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà fún Bàbá. Bó ti ń wọnú omi pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, tí Dẹ́rẹ́kì dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́, ó dà bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ síbi tí kò dá a lójú. Ṣùgbọ́n bó ti gbé ọ̀pá náà sókè ni mo gbàgbé pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Okùn náà lọ sẹ́yìn, ó nà, ó tún lọ síwájú, ó sì balẹ̀ sórí omi láìdún. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ pàṣán yé mi.

Wọn kì í dúró de ẹja. Wọ́n á ju okùn, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n á tún jù ú. Nígbà tí mo béèrè ohun tí sámọ́ńù ń jẹ, Dẹ́rẹ́kì ní láti ìgbà tó bá ti wọ odò ni kì í jẹ nǹkan kan mọ́. Mo ní kí Bàbá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹja tó ń gbààwẹ̀, tí àgbàlagbà méjì wá fi eṣinṣin irọ́ tàn! Bàbá ní inú ló máa ń bí i nígbà mìíràn tí á fi gé e jẹ.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni inú bí ọ̀kan. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. Kẹ̀kẹ́ tí okùn ká mọ́ lára ọ̀pá ń ké. Mo dìde dúró. Lẹ́yìn náà ọ̀pá náà nà gbọnran, ó sì parí.

Okùn padà wá láìní eṣinṣin, láìní ègé tó tínrín jù. Bàbá rọra jáde nínú omi, ó jókòó sórí òkúta.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí fún mi. "Mo fà á jù. Ọwọ́ arúgbó."

Ó na ọ̀pá náà sí Dẹ́rẹ́kì, ó ní kó máa jù ú lọ, òun ti ṣe tán. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn èjìká ṣòkòtò rọ́bà náà. Ọjọ́ kan péré ló kù fún wa.

Dẹ́rẹ́kì mú orí okùn náà, ó gbé e súnmọ́ gíláàsì rẹ̀. Ibi tí kókó ìkẹyìn ti wà ti ká kò bí irun ọmọ tuntun, ó sì ti funfun. Ó wò ó. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó fi orí okùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bu tíì sínú ife láìbi mí bóyá n ó mu, ó fi sí ọwọ́ mi kejì. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí iwájú lọ wo omi tó ti wò látàárọ̀.

Mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ kan, tíì lọ́wọ́ kejì. Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi mí. Bàbá á sì gbé ẹ̀bi ọwọ́ rẹ̀ lọ sílé, á máa gbé e kiri.

"Bàbá," mo ní, "kì í ṣe ọwọ́ yín. N kò fi itọ́ sí i."

Ó gbé ojú sókè.

"Ààwẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí pé yóò bàjẹ́. Gbígbẹ ni mo ta gbogbo wọn."

Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́ pé bí wọ́n bá fa ọ̀rá ní gbígbẹ, ara rẹ̀ á ha ara rẹ̀, á gbóná, á jóná nínú kókó láìsí ẹni tó máa rí i. Bí a bá rọra fà á lọ́wọ́, á dúró. Bí ẹja bá já a gbà, á tú. Lẹ́yìn náà ó wo odò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Omi ńkọ́, Múlí? Ṣé kò sí omi ní Peckham ni?"

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi di ìkọ́.

"Ìwọ fẹ́ wọ àlùjánnà," ó wí, "o wá fi ẹja mi ṣe sàráà."

Ó sọ ọ́ fún Dẹ́rẹ́kì ní gẹ̀ẹ́sì. Dẹ́rẹ́kì gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó ní nínú gbogbo àwáwí tí òun ti gbọ́ létí odò, èyí ló dára jù. Ó béèrè bóyá Ọlọ́run tẹ́wọ́ gba ààwẹ̀ náà. Mo ní mo lérò bẹ́ẹ̀. Ó mi orí, ó ní nígbà náà kì í ṣe òfo.

Bàbá da okùn méjìlá náà sínú àpò ìdọ̀tí. Mo jókòó sórí òkúta yẹn, ìka mi ti kú fún òtútù, mo sì ta òmíràn. Mo fi itọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu mi gbẹ.

"Ó tó," Bàbá wí. "A ò ní kí o fọ̀ ọ́."

Ẹja

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò sí nǹkan kan. Lọ́sàn-án kò sí nǹkan kan. Dẹ́rẹ́kì ti kó ọ̀pá tirẹ̀ sínú ọkọ̀, ó wá dúró ti Bàbá nínú omi, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Bàbá. Mo ń ka iye ìgbà tí ó kù kí Bàbá ju okùn kó tó kan òkúta ńlá tó jẹ́ òpin apá odò tí wọ́n yàn fún wa. Ó ku mẹ́ta.

Ẹja náà kò fà á bí ti àná. Ó kàn dúró, bí ìgbà tí àwọ̀n bá kọ́ kùkùté. Lẹ́yìn náà ni kùkùté náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Bí ẹja bá sáré, Bàbá á jẹ́ kó lọ. Bó bá sinmi, Bàbá á gba díẹ̀ padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo àkókò náà, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í fa okùn rárá nígbà tí ẹja bá ń fà á. Ó mọ ohun tí ẹja fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Kókó mẹ́ta tèmi sì wà nínú omi yẹn. Mo ṣe gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dé etí omi, ó ń dán bí fàdákà, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó gùn ju apá mi lọ. Bàbá kúnlẹ̀ nínú omi. Ó yọ eṣinṣin náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìrù rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbé ikùn rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí ìṣàn omi. Mo ti ṣí àpò tí Mọ́mì fún wa. Bàbá ṣí ọwọ́ rẹ̀, ẹja náà sì lọ.

Mo kígbe. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í kígbe.

"Òfin odò ni," Bàbá wí, ó ṣì kúnlẹ̀. "Ní àsìkò yìí, bí ènìyàn bá mú un, ó gbọ́dọ̀ dá a padà."

"Láti ọdún mọ́kànlá?"

"Láti ọdún mọ́kànlá."

"Ṣé Mọ́mì mọ̀?"

"Mọ́mì ò bi mí."

Dẹ́rẹ́kì ti yọ fóònù láti yà wọ́n. Nígbà tí a wò ó, àtàǹpàkò Dẹ́rẹ́kì fúnra rẹ̀ ló gba ìdajì àwòrán, fìlà Bàbá gba ìdajì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Nígbà tí a ń kọjá ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, ó ṣì ń tọrọ rẹ̀.

Ìpadàbọ̀

Dẹ́rẹ́kì sọ̀ wá kalẹ̀ ní Rye Lane. Bàbá dúró níwájú ìsọ̀ ẹja. Odindi sámọ́ńù kan wà lórí yìnyín, torí tìrù. Ó wò ó pẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò, torí èmi náà ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó rí mi.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ó wí, a sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Mọ́mì, títí kan òfin odò. Mọ́mì jókòó. Ó wo firísà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá," ó wí. Lọ́jọ́ kejì ó ra ẹ̀pìyà kún firísà náà dé ẹnu, ó ní èyí tó bá fẹ́ padà sódò nínú wọn kó wí.

Nígbà tí mo fẹ́ padà wá sílé, Bàbá ká okùn tó mú ẹja náà sínú àpòòwé, ó ní kí n fún àbúrò òun. Kò fi lẹ́tà sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo gbé e fún Bàámi. Ó ní ẹja ńkọ́, mo ní a dá a padà. Mo sọ ohun gbogbo bí mo ti kọ ọ́ yìí, mo sì ń dúró de yẹ̀yẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ orí okùn tó nípọn, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti kókó dé kókó, títí ó fi dé ibi tó rí bí irun.

"Ìwọ lo ta á?"

"Èmi ni."

"Apá tínrín yìí ló wà lọ́dọ̀ ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Ẹja tó gùn ju apá rẹ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tún fà á. Apẹja ni Bàámi. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún un irú ọwọ́ tó lè fi okùn bẹ́ẹ̀ mú irú ẹja bẹ́ẹ̀ wá sétí omi. Ó dìde, ó fi okùn náà kọ́ orí ìṣó tí abẹ́rẹ́ àwọ̀n rẹ̀ máa ń wà. Ó ní kí n bá òun pe Peckham.

Fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mẹta kí Bàbá tó gbé e. Bàámi nàró bí ẹni tó fẹ́ kí àgbàlagbà létí èbúté.

"Ẹ kú ewu odò, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí.

A gbọ́ bí Bàbá ti bú sẹ́kún. Ohùn Mọ́mì la gbọ́ láti ẹ̀yìn, ó ń bi í pé ta ló kú.